Ìbàdàn àti Èkó: Ìlú Wo Ló Mọ Ilẹ̀ Lò?

Nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn Nàìjíríà ní 1952, Ìbàdàn borí Èkó dáadáa. Àwọn tó ń gbé Ìbàdàn lé ní 450,000, ti Èkó kò sì tó 300,000. Ọdún mọ́kànlá péré ló gbà kí ọ̀rọ̀ yí padà. Nínú ìkànìyàn 1963, Èkó ti lé ní 665,000, Ìbàdàn sì wà ní nǹkan bíi 627,000. Láti ìgbà náà, Èkó ń lọ, Ìbàdàn kò bá a mọ́. Ní 2006, Àjọ Ìkànìyàn sọ pé àwọn tó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Ìjọba Èkó kò gbà. Ó ka tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì ní àwọn lé ní mílíọ̀nù 17. Nínú ìkànìyàn 2006 kan náà, ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá tó para pọ̀ di Ìbàdàn ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ó lé díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé iye ènìyàn yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n ilẹ̀. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó kò ju nǹkan bíi 3,577 kìlómítà níbùú-lóòró lọ. Òun ló kéré jù nínú àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, omi sì gba ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá Ìbàdàn lé ní 3,000. Tí a bá yọ omi kúrò, ilẹ̀ gbígbẹ tí àwọn méjèèjì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ń gbé ẹrù ìlọ́po mẹ́ta ti ẹnì kejì, ó kéré tán. Èrò mi ni pé ilẹ̀ tí kò tó ló fi túláàsì kọ́ Èkó ní ètò, ilẹ̀ tó pọ̀ ló sì jẹ́ kí Ìbàdàn rò pé òun kò nílò ètò kankan. Ohun tí Èkó ń fi owó ńlá àti omijé rà lónìí, Ìbàdàn ṣì lè rí i ní owó pọ́ọ́kú, bí ó bá tètè ta jí.

Orí òkè ni Ìbàdàn wà: Òkè Màpó, Òkè Àárẹ̀, Òkè Mọ́kọ́lá, Òkè Sápátì àti àwọn yòókù tí wọ́n fi ń pè é ní ìlú olókè méje. Ogun ló dá a sílẹ̀. Ní 1829, lẹ́yìn tí Òwu ti tú, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ pàgọ́ síbẹ̀, wọn kò sì ṣí kúrò mọ́. Ẹni tí ogun lé kúrò nílé ní ìhà Ọ̀yọ́ Ilé rí ibẹ̀ bí ibi ìsádi, nítorí pé orí òkè ni a ti ń rí ọ̀tá lókèèrè, igbó sì wà nítòsí ní ìhà gúúsù fún ẹni tó fẹ́ dáko. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kanra ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn nígbà náà. Kò sí omi ńlá, kò sí ìlú alágbára tó wà nítòsí tó lè sọ fún un pé kó dúró níbí. Ó ń tàn lọ sí ibi tó bá wù ú.

Èkó kò rí irú ààyè bẹ́ẹ̀. Àwọn Àwórì tó ti Ìṣẹ̀rí sọ̀ kalẹ̀ dé Ìddó, tí wọ́n tún kọjá sí erékùṣù, bá ọ̀sà ní ẹ̀yìn, òkun ní iwájú, irà láàárín. Ohun tó sọ erékùṣù kékeré yẹn di ìlú ni pé ibẹ̀ ni ọ̀sà ti já sí òkun, tí ọkọ̀ òkun lè gbà wọlé. Òwò ẹrú ló kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà yìí, òwò epo pupa tẹ̀ lé e. Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú náà ní 1851, wọ́n gbà á lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú ní 1861. Àwọn Sàró dé láti Sierra Leone, àwọn Àgùdà dé láti Bràsíílì àti Kúbà, wọ́n kọ́lé alárà sí Pópó Àgùdà. Àwọn tó wá ààbò ló kún Ìbàdàn. Àwọn tó wá ọjà ló kún Èkó. Ogun tán ní ilẹ̀ Yorùbá kí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tó parí, àmọ́ ọjà kò tíì tán títí di òní. Níbẹ̀ gan-an ni eré ìje náà ti yí sápá Èkó.

Ọdún 1901 mú ìlú méjèèjì sórí ọ̀nà tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Ìddó ní 1896 dé Ìbàdàn lọ́dún náà, lọ́dún yẹn kan náà sì ni afárá Carter so erékùṣù Èkó mọ́ Ìddó. Ní Ìbàdàn, ojú irin bí ìlú kejì. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó tẹ̀dó sítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè, Dùgbẹ̀ àti Gbági dìde, ìlú àtijọ́ tó yí Ọjà Ọba àti Màpó ká sì wà níbi tó wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti ìlú, yẹ ìlú méjèèjì wò fínnífínní nínú ìwé tó pè ní Urbanization in Nigeria ní 1968. Ẹni tó bá ti Bẹẹrẹ rìn dé Dùgbẹ̀ lónìí yóò rí i fúnra rẹ̀ pé ọkàn méjì ni Ìbàdàn ní, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bára wọn sọ̀rọ̀.

Ní Èkó, afárá kan bí òmíràn. Afárá Èkó parí ní 1975. Third Mainland Bridge, tó gùn tó kìlómítà 11.8, parí ní 1990. Gbogbo wọn ló ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sí erékùṣù láàárọ̀, tó sì ń kó wọn padà sí Yábàá, Sùúrùlérè, Ìkẹjà àti Agége nírọ̀lẹ́. Sunkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó kò ṣẹ̀yìn èyí: iṣẹ́ wà níbìkan, ibùsùn wà níbòmíràn, omi wà láàárín. Ìnira yẹn ló kó ọkọ̀ BRT wá ní 2008, tó sì kó ọkọ̀ ojú irin ìgboro wá láti Mile 2 sí Marina ní 2023, kí ti Àgbádó sí Òyìngbò tó tẹ̀ lé e. Ìbàdàn kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Níwọ̀n ìgbà tí ìnira kò tíì dé ọ̀nà ọ̀fun, takisí máíkà àti ọ̀kadà ṣì ń gbé e.

Bí a bá wo bí a ṣe ń pín ilẹ̀, òṣùwọ̀n náà yóò tẹ̀ sápá Ìbàdàn. Látijọ́, olórí ogun ló ń gba ilẹ̀, ó sì ń fi àwọn ọmọ ogun, ìbátan àti àlejò rẹ̀ jókòó sórí rẹ̀. Agbo ilé jáde láti ibẹ̀, mọ́gàjí sì ni olórí rẹ̀. Ọmọ tó bá bímọ á fi yàrá kún yàrá, títí àgbàlá fi tán, títí tó fi kù kìkì ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láàárín ilé sí ilé ní Òjé, Fọ̀kọ́ àti Ìdí Arẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ panápaná kò lè wọlé, ọkọ̀ akólẹ̀ kò lè wọlé. Síbẹ̀ opó tí kò ní kọ́bọ̀ ṣì ní òrùlé lórí nínú ilé bàbá rẹ̀, kò sì sí onílé tó lè ju ẹrù rẹ̀ síta. Mo ka èyí sí ọrọ̀ ńlá, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè fojú kéré rẹ̀. Àṣìṣe tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ṣe ni pé nígbà tí owó kòkó wà, tí wọ́n ń kọ́ Bódìjà, pápá ìṣeré Liberty ní 1960 àti Ilé Kòkó ní 1965, ibi tí ilẹ̀ ti ṣófo ni wọ́n ń dojú kọ. Wọ́n fi àárín ìlú sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Èkó ṣe òdìkejì. Àjàkálẹ̀ àrùn láti ara eku tó jà ní 1924 ba ìjọba amúnisìn lẹ́rù, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú sílẹ̀ ní 1928, èyí tí wọ́n ń pè ní LEDB. Ilé iṣẹ́ yìí la ọ̀nà, ó pín ilẹ̀ Yábàá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín erékùṣù Èkó ní 1955, ó kó àwọn onílé lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, tó ṣèwádìí nípa wọn, tó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, fi hàn pé ohun tó wó ju bíríkì lọ. Ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé pàdánù oníbàárà, ìbátan tó ń jẹun pọ̀ fọ́n ká, owó ọkọ̀ sì di ẹrù tuntun. Ẹ̀kọ́ yẹn kò wọlé. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun wó àdúgbò Màrókò, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sùn síta, ilẹ̀ náà sì di ti olówó. Èkó mọ bí a ṣe ń la ọ̀nà. Kò tíì mọ bí a ṣe ń là á láìtẹ ẹni tí kò lẹ́nìkan mọ́lẹ̀.

Bí a bá dé ọ̀rọ̀ omi, ìlú méjèèjì jẹ̀bi. Kí ọkọ̀ òkun ńlá lè wọ èbúté, Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ògiri òkúta sẹ́nu ọ̀nà òkun Èkó láti nǹkan bíi 1908. Iṣẹ́ náà yọrí: Àpápá rí èbúté omi jíjìn ní 1926, ọrọ̀ Nàìjíríà sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n yanrìn tí ìgbì òkun ń kó láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn kò ríbi kọjá mọ́. Ó ń kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ògiri náà, òkun sì ń jẹ etíkun Bar Beach ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òkun fi ń ya wọ Victoria Island, kí wọ́n tó wá fi yanrìn dí omi fún ìlú tuntun Eko Atlantic lẹ́yìn ògiri tuntun. Lẹ́kkí náà, irà tí wọ́n fi yanrìn kún ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi kò ríbi lọ.

Ìbàdàn kò ní òkun tó ń jẹ ẹ́, síbẹ̀ odò kékeré ti pa á lára. Ògùnpa, Ọ̀nà, Kúdẹtì àti Ògbẹ́rẹ́ ń ṣàn ní àfonífojì láàárín àwọn òkè. Àwọn òkè wọ̀nyẹn ń da omi sísàlẹ̀ ní wéréwéré, òrùlé páànù àti ọ̀dà títì sì ń mú kó yára sí i. Àwa ènìyàn wá kọ́lé sí etí odò, a sì da ìdọ̀tí sínú rẹ̀. Ní òpin oṣù Kẹjọ 1980, Ògùnpa kún àkúnya, ènìyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ kú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, omíyalé tún ṣe irú rẹ̀, ó sì wó afárá káàkiri ìlú. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba tó yá 200 mílíọ̀nù dọ́là ní Báńkì Àgbáyé láti ṣàtúnṣe. Ilẹ̀ Èkó tẹ́jú, ó sún mọ́ òkun, kò sí bí kò ṣe ní bá omi jà. Ìbàdàn ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi igba mítà. Ìyà tí omi fi jẹ ẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á. Níbí, ẹ̀bi Ìbàdàn wúwo ju ti Èkó lọ.

Ohun kan ṣì wà tí Ìbàdàn fi yọ Èkó sílẹ̀. Èkó ti kún jáde kúrò nínú ààlà rẹ̀. Àwọn ará Ọ̀tà, Ìbàfò, Mọ̀wé, Magbọ̀rọ̀ àti Arẹ́pò ń jí lọ síṣẹ́ ní Èkó, bẹ́ẹ̀ Abẹ́òkúta, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ìjọba wọn wà. Ọ̀nà tí wọ́n ń rìn, omi tí wọ́n ń mu, ìjọba méjì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀ kí nǹkan tó lè yọrí. Ìbàdàn ń tàn lọ sí Mọ́níyà, Akọ́bọ̀, Ológunẹrú àti Ẹgbẹ́dá, kò sì tíì jáde kúrò nínú ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá tirẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ kan ló ni gbogbo rẹ̀. Bí ìjọba yẹn bá fẹ́ ya àwòrán kan fún ìlú náà lódindi, kò sí aládùúgbò tí yóò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Àyè yẹn kò ní pẹ́ tó bí a ṣe rò. Ọ̀nà márosẹ̀ tó so ìlú méjèèjì pọ̀ ti wà láti 1978. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń lọ láti Èbúté Mẹ́ta sí Mọ́níyà, kìlómítà 157, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Àwọn onímọ̀ ìlú ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń ka Ìbàdàn, Èkó, Kútọnu, Lomé àti Accra sí okùn ìlú kan ṣoṣo tó gùn tó 600 kìlómítà. Ẹni tí ilé Èkó wọ́n mọ́ lọ́wọ́ ń wo Ìbàdàn báyìí, owó Èkó sì ti ń ra ilẹ̀ níbẹ̀.

Ìdájọ́ mi nìyí. Èkó ló mọ ilẹ̀ lò jù, nítorí pé kò ní òmíràn. Ìbàdàn ló mọ ènìyàn gbà jù, nítorí pé agbo ilé kì í lé ọmọ. Èyí tó yẹ kí Ìbàdàn kọ́ lára Èkó ni kí ọ̀nà ṣáájú ilé. Kí wọ́n la títì àti gọ́tà sí Akọ́bọ̀ àti Mọ́níyà kí wọ́n tó ta ilẹ̀ tán, kí wọ́n sì fi òkúta sàmì sí ẹ̀gbẹ́ odò gbogbo, kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé síbẹ̀, ì báà ṣe olóyè. Èyí tí Èkó gbọ́dọ̀ kọ́ lára Ìbàdàn ni pé ìlú kò dàgbà bí àwọn tó kọ́ ọ kò bá ríbi sùn nínú rẹ̀. Bí Ìbàdàn bá sì fẹ́ ṣí ọ̀nà sí Òjé àti Fọ̀kọ́, kó ṣe é pẹ̀lú àwọn mọ́gàjí àti àwọn tó ń gbébẹ̀, kó tún ilé wọn kọ́ síbi tó wà. Mọ́gàjí tó ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ lónìí, òun gan-an ni ayàwòrán ìlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀. Kó yọ ọ̀nà sílẹ̀ kó tó gba owó.