Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wú: ṣé eyín ni, àbí Burkitt lymphoma? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀

Bí ẹ bá ń lo WhatsApp tàbí Facebook, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí àwòrán ọmọdé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ẹnìkan á ní eyín ni, òmíràn á ní iṣẹ́ ayé ni, òmíràn á polówó àgbo. Àwòrán kò lè sọ irú àìsàn tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí kì í fún èèyàn láyè.

Kí ni Burkitt lymphoma?

Àrùn jẹjẹrẹ ni. Inú irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ní Uganda, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1958. Àwọn ọmọdé ní agbègbè tí ibà ti pọ̀ ló máa ń mú jù, fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Jẹjẹrẹ yìí kì í ràn. Ó lè wú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí nínú ikùn, kókó náà sì lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dá a mọ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi Jamestown, àdúgbò apẹja ní Accra, orílẹ̀-èdè Ghana, ṣe àpẹẹrẹ. Ilé ìwòsàn ńlá Korle Bu, tí wọ́n ṣí ní 1923, wà ní òdìkejì ọ̀sà Korle, kò jìnnà sí wọn. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ibẹ̀ ti ń ṣe ìwádìí lórí àìsàn yìí.

Dókítà á fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú kókó náà, tàbí kí ó gé díẹ̀, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ maikirosikópù. Wọ́n á tún yẹ ikùn, mùdùnmúdùn inú egungun àti omi ọ̀pá ẹ̀yìn wò, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti tàn dé.

Kí ni C83.7?

Nọ́ńbà tí wọ́n ń fún Burkitt lymphoma ni, nínú ìwé àkọsílẹ̀ àrùn ICD-10 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ẹ má rò pé 7 yẹn ń sọ bí àìsàn náà ṣe le tó. Kì í ṣe ìpele àrùn. Bí wọ́n bá kọ "ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú" lásán, R22.0 ni yóò jẹ́, ọmọ náà kò sì ní sí nínú iye àwọn tó ní jẹjẹrẹ. Èyí ṣe pàtàkì ní Ghana, níbi tí ètò adójútòfò ìlera ìjọba ti fi jẹjẹrẹ ọmọdé mẹ́rin kún ohun tó ń san owó rẹ̀ ní 2022. Burkitt lymphoma jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ṣé ó ní ìwòsàn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí oògùn jẹjẹrẹ bá tètè bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń yè é. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá fi yọ eyín tàbí tí wọ́n fi mu àgbo ló ń pa wọ́n lára.

Àkótán

Bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má sọ orúkọ àìsàn fún un, ẹ má sì pín ojú ọmọ ọlọ́mọ kiri. Ẹ sọ fún òbí rẹ̀ kó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Bí wọ́n bá ń tọrọ owó, ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò, kí ẹ sì pe ilé ìwòsàn náà kí ẹ tó fi ránṣẹ́.