Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Bí A Ṣe Ń Dá Kókó Inú Ọpọlọ Ọmọdé Mọ̀

Ẹ̀yin ìyá àti gbogbo ìdílé, àwọn àgbà a máa sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí a tó wo àrùn, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú àrùn tí í ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì gidigidi nípa kókó tí ń hù nínú ọpọlọ ọmọdé.

Kí ni ń fa kókó yìí?

Sẹ́ẹ̀lì ni ohun tín-tìn-tín tí a fi mọ gbogbo ara wa. Jíìnì tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń darí iṣẹ́ rẹ̀. Bí jíìnì kan bá bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì lè máa pọ̀ sí i láìdúró títí yóò fi di kókó. Ìbàjẹ́ yìí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdílé díẹ̀ ni ó ti jẹ́ àjogúnbá. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọwọ́fà ìyá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ràn.

Kí ló dé tí ìdámọ̀ rẹ̀ fi ṣòro?

Oníṣẹ́ abẹ a máa gé díẹ̀ nínú kókó náà, onímọ̀ àyẹ̀wò a sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ọ̀nà yìí dára, a kò sì pa á tì. Ṣùgbọ́n kókó méjì lè jọra bí ìbejì, kí ìwà wọn sì yàtọ̀. Àpẹẹrẹ kan ni medulloblastoma, tí ń hù ní ẹ̀yìn ọpọlọ. Ẹ̀yà 4 pàtàkì ni ó ní: ọmọ tí ó ní ọ̀kan nínú wọn sábà máa ń yè bí ó bá gba ìtọ́jú, òmíràn sì le púpọ̀. Bí ìtọ́jú bá kéré jù, ẹ̀mí lè bọ́. Bí ìtànṣán tí a fi ń pa kókó bá pọ̀ jù, ó lè pa ọpọlọ ọmọ lára, kí ẹ̀kọ́ àti ìdàgbàsókè rẹ̀ sì fà sẹ́yìn.

Iṣẹ́ Dókítà Pfister

Stefan Pfister, dókítà àwọn ọmọdé ní ìlú Heidelberg ní Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí wọn ka àwọn àmì kéékèèké tí ó wà lára DNA, ohun tí a fi ṣe jíìnì. Àwọn àmì wọ̀nyí ní ọwọ́ nínú jíìnì tí yóò ṣiṣẹ́ àti èyí tí yóò dákẹ́. Bí a ti ń fi ilà ojú mọ ìdílé ènìyàn láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi irú sẹ́ẹ̀lì tí kókó ti ṣẹ̀ wá hàn.

Wọ́n fi àpẹẹrẹ 2,801 kọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì lè ya kókó sí ẹ̀yà 82. Wọ́n tẹ àbájáde náà jáde ní 2018. Nígbà tí wọ́n fi yẹ kókó 1,104 wò, nǹkan bí 12 nínú 100 ni orúkọ àrùn wọn yí padà. Àwọn ọmọ tí à bá fún ní ìtọ́jú tí kò yẹ wọ́n wà lára irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọ̀nà yìí kún ìlànà tirẹ̀.

Àmì tí ìyá gbọ́dọ̀ mọ̀

Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè dá kókó mọ̀ bí ọmọ kò bá dé ilé ìwòsàn. Ẹ ṣọ́ àwọn àmì wọ̀nyí:

1. Orí fífọ́ tí kò lọ, pàápàá tí ó ń jí ọmọ lójú oorun.
2. Èébì lemọ́lemọ́ ní òwúrọ̀, láìsí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru.
3. Ìrìn bí ti ọ̀mùtí.
4. Ojú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tí kò ríran dáadáa mọ́.
5. Orí ọmọ ọwọ́ tí ń tóbi ju bí ó ti yẹ lọ.
6. Gìrì tí kò bá ibà rìn.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, àìsàn mìíràn ni ń fa wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí méjì bá parapọ̀, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá jẹ́ gìrì, lọ́jọ́ náà gan-an ni. Ẹ má ṣe ro àgbo tàbí ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu. Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ kì í ṣe àjèjì láàrin wa: Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní UCH Ìbàdàn láti 1962.

Àìtètè mólè ni olè fi ń mólóko. Ẹ tètè gbé ọmọ wá.