Àṣírí Aláìsàn Kì Í Ṣe Ohun Àfihàn

Kí á tó dé orí ìròyìn ìbí, ìgbéyàwó àti ìsìnkú oṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí á jọ gbé yẹ̀ wò.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní ìlú Kánò níbí. Iṣẹ́ náà yọrí sí rere, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé títí ara rẹ̀ yóò fi le, nítorí ìyá tí ó bí i ti di arúgbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì fẹ́ kí àyà rẹ̀ já. Àṣé dókítà ti ya àwòrán rẹ̀ lórí ibùsùn, ó sì ti gbé e sí Facebook láti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn. Kò dárúkọ rẹ̀, ó tilẹ̀ fi nǹkan dúdú bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti sọ ẹni tí í ṣe. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹkún ti sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

A kò sọ pé kí dókítà má lo ẹ̀rọ ayélujára. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ́ pé kí onígẹ̀gẹ̀ tètè lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n ara aláìsàn kì í ṣe ti dókítà. Ìbúra tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé gbé kalẹ̀ ní Geneva ní ọdún 1948 ní kí wọ́n pa àṣírí aláìsàn mọ́. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 náà sọ pé ọ̀rọ̀ aláìsàn jẹ́ àṣírí, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fi ọwọ́ sí ìwé, tàbí bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pa á láṣẹ, tàbí bí ewu ńlá bá wà fún ará ìlú. Ní Amẹ́ríkà, dókítà kan ní ìpínlẹ̀ Ohio ń fi iṣẹ́ abẹ han ayé lórí TikTok, ó sì ń dá àwọn òǹwòran lóhùn bí ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2023, wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ títí láé.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ jẹ́ oníṣẹ́ abẹ, ẹ̀yin ni ògo wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó ya àwòrán, kí ẹ sì béèrè nígbà tí ara aláìsàn balẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ìrora ń bá a jà, tí kò lè sọ pé rárá. Ẹ má ṣe fi aláìsàn ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ọ̀rẹ́, bí ẹ kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, kò sì yẹ kí ìtọ́jú yín dínkù nítorí rẹ̀. Bí a bá sì lọ kí ẹni tí ó wà ní ọsibítù, kí á má ya ẹni tí ó sùn sí ibùsùn kejì mọ́ ọn, kí á tó fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Àwa tí a ń kọ ìwé yìí náà kò mọ́ nínú ẹ̀bi. A ti tẹ ìròyìn àìsàn àwọn ará wa jáde rí láìbéèrè. Láti oṣù yìí lọ, a kò ní tẹ irú rẹ̀ mọ́ àfi bí ẹni náà tàbí àwọn ará ilé rẹ̀ bá yọ̀ǹda. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ.

Ara ìyá wa ti le báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí á kọ èyí, ó sì ní kí á má dárúkọ òun.