Ta ló jí 600 lítà dísẹ́ẹ̀lì? Bí a ṣe ń fi káàdì analog output sínú mítà

Tí ẹ bá ń gba ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ajah, ẹ ó kọjá ní Igbó Ẹfọ̀n. Orúkọ yẹn ti sọ ìtàn ara rẹ̀: igbó tí ẹfọ̀n wà. Lónìí, ilé àti ẹ́sítéètì ló kún ibẹ̀, ohun tó sì ń bú ramúramù lóru kì í ṣe ẹfọ̀n mọ́, jẹnẹrétọ̀ ni.

Ẹ́sítéètì kan níbẹ̀ ló pè mí lọ́jọ́ kan. Bàbá tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ wọn ti wọ wàhálà. Táńkì dísẹ́ẹ̀lì wọn ń gba 5,000 lítà. Mítà kan wà lójú pánẹ́ẹ̀lì ní ilé jẹnẹrétọ̀ tó ń fi nọ́ńbà pupa sọ iye lítà tó kù. Wọ́n ti ní kí ẹnì kan fi káàdì analog output sínú mítà náà, kí nọ́ńbà yẹn lè máa hàn lórí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Mítà ní 2,000 lítà ló kù, kọ̀ǹpútà ní 2,600. Bàbá ti ọ̀pá ìwọ̀n bọ táńkì, 2,000 ló bá níbẹ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì wá ń bi í pé, "600 lítà tó kù dà?"

Bàbá wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, mi ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni rí. Bá mi wo ẹ̀rọ yìí dáadáa."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká bi ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀."

Kí ni káàdì yìí ń ṣe gan-an?

Sẹ́ńsọ̀ inú táńkì ló ń sọ fún mítà bí dísẹ́ẹ̀lì ṣe ga tó. Mítà á sọ ọ́ di lítà, á sì gbé e sójú. Àmọ́ ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ nìkan ló lè rí i. Káàdì analog output ló ń fún un lóhùn: ó ń sọ nọ́ńbà ojú mítà di kọ́rẹ́ǹtì kékeré tó ń gba wáyà méjì lọ síbi tó jìnnà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni 4 sí 20 mA. mA kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ampere, ó kéré gan-an. Ọ̀pọ̀ káàdì tún lè gbé 0 sí 20 mA tàbí 0 sí 10 volt jáde.

Kí ló dé tó fi jẹ́ kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n fẹ́ràn? Tí wáyà bá gùn, ó máa ń jẹ lára volt lójú ọ̀nà, nọ́ńbà á sì dín kù kó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n iye kọ́rẹ́ǹtì tó bá wọ ẹnu wáyà lọ́hùn-ún náà ló máa jáde níhìn-ín, bí omi inú páìpù tí kò jò.

Kí ló wá dé tó fi bẹ̀rẹ̀ láti 4, tí kì í ṣe 0? Ẹ rò ó wò: tó bá jẹ́ pé 0 ló túmọ̀ sí "táńkì ti gbẹ", tí eku bá gé wáyà jẹ, 0 náà la máa rí. Báwo la ṣe máa mọ̀ yàtọ̀? Ìdí nìyẹn tí 4 fi jẹ́ òfo, tí 20 jẹ́ kíkún, tí 0 sì jẹ́ pé nǹkan ti bà jẹ́. Kí iná tó gba iṣẹ́ yìí, afẹ́fẹ́ inú páìpù ni àwọn ilé iṣẹ́ fi ń ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, láti 3 sí 15 psi. Ẹ wò ó dáadáa: 3 nínú 15 àti 4 nínú 20, ìdá kan nínú márùn-ún ni méjèèjì.

Bí a ṣe ń fi í sí i

1. Ẹ pa iná. Kì í ṣe iná mítà nìkan o. Wáyà tó wọ relay rẹ̀ lè máa gba iná láti ibòmíì, nítorí náà ẹ fi tẹ́sítà wò ó kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

2. Ẹ fọwọ́ kan irin tó ní áàsì. Ara wa máa ń kó iná díẹ̀ tí a kì í mọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, ìyẹn sì lè ba káàdì jẹ́. Etí káàdì ni kí ẹ dì mú.

3. Ẹ fa inú mítà jáde kúrò nínú àpótí rẹ̀, kí ẹ wá àyè tí wọ́n ṣe fún káàdì náà, kí ẹ sì tì í títí yóò fi jókòó. Tí kò bá wọlé, ẹ má fi agbára ṣe é. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ṣi àyè mú.

4. Ẹ so wáyà: + sí +, − sí −. Ẹ ka ìwé rẹ̀ dáadáa, torí ojú ibi tí kọ́rẹ́ǹtì ti ń jáde lè yàtọ̀ sí ti volt. Ẹ tún béèrè bóyá káàdì náà ló ń pèsè iná fún ara rẹ̀ tàbí ó ń retí 24 volt láti ìta. Tí ẹ bá lọ gbé 24 volt fún èyí tó ti ní tirẹ̀, ẹ lè sun ún.

5. Ẹ lo wáyà tó ní ìbòrí irin nínú, kí ẹ so ìbòrí náà mọ́ áàsì ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí wáyà ńláńlá jẹnẹrétọ̀. Ní agbègbè tó sún mọ́ òkun bíi tiwa yìí, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ máa ń mú ojú wáyà dípẹtà, nítorí náà ẹ dè é le, kí ẹ sì bò ó.

Ìbéèrè mẹ́rin tí mítà máa bi yín

Lẹ́yìn tí ẹ bá tan iná padà, ẹ wọ ibi ètò káàdì náà nínú mítà. Orúkọ lè yàtọ̀ láti mítà kan sí òmíràn, àmọ́ ìbéèrè kan náà ni. Ìkíní: irú èwo ni kí n gbé jáde? Ẹ mú 4–20. Ìkejì: kí ni kí n máa tẹ̀ lé? Iye tó wà lójú báyìí ni, kì í ṣe èyí tó ga jù tàbí àròpọ̀. Ìkẹta: nọ́ńbà wo ló jẹ́ 4 mA? 0 lítà. Ìkẹrin: nọ́ńbà wo ló jẹ́ 20 mA? 5,000 lítà.

Ẹ lè fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi 16 sọ iye lítà di púpọ̀, ẹ fi 5,000 pín in, ẹ wá fi 4 kún un. 2,500 lítà á jẹ́ 12 mA. 2,000 lítà á jẹ́ 10.4 mA.

Olè náà rèé

Mo já wáyà kan, mo fi multimeter sí àárín rẹ̀ kí kọ́rẹ́ǹtì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Kí ni mo rí? 10.4 mA gééré. Mítà kò purọ́, káàdì náà kò purọ́.

Mo bá lọ sí ọ́fíìsì. Ibi tí wáyà ti wọ ẹ̀rọ tó ń fún kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà, 0–20 mA ni wọ́n ṣètò rẹ̀ sí! Lójú tirẹ̀, 10.4 nínú 20 jẹ́ ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 52 nínú 5,000 sì ni 2,600. 600 lítà tí wọ́n ń wá, kò fìgbà kan sí nínú táńkì.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé tí táńkì bá kún, 20 mA jẹ́ 5,000 lítà fún àwọn méjèèjì. Kò sí ìjà. Tó bá ku 4,000, kọ̀ǹpútà á ní 4,200. Tó bá ku 3,000, á ní 3,400. Tó bá ku 1,000, á ní 1,800. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá gbé dísẹ́ẹ̀lì wá, gbogbo nǹkan á bára mu, lẹ́yìn náà ni ìyàtọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni tó ń bù ú lóru ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn! Tí táńkì bá sì gbẹ pátápátá, kọ̀ǹpútà á ṣì máa sọ pé 1,000 lítà wà. Ẹ ronú sí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ mí nílé, tí iná wá kú lóru.

Mo yí i sí 4–20. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kọ̀ǹpútà sọ 2,000. Alága ẹ́sítéètì dúró lẹ́yìn mi, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí wọ́n pe Bàbá wá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Bàbá ní, "Ó ti tán." Ó wá yíjú sí mi: "Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í dán an wò ni?"

Ìbéèrè rẹ̀ dùn mí, torí wọ́n dán an wò lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ tí táńkì kún ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá máa ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ dán an wò ní òfo, ní ìdajì àti ní kíkún, kí ẹ sì wo ojú méjèèjì, ti mítà àti ti ibi tó ń ránṣẹ́ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ irú kọ́rẹ́ǹtì, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ àti nọ́ńbà òkè sórí ìwé kékeré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pánẹ́ẹ̀lì. Mo lẹ tiwọn mọ́ ọn kí n tó kúrò ní Igbó Ẹfọ̀n. Bàbá ló bá mi di ìwé náà mú.