Ṣé ó yẹ kí fóònù ṣì ní ihò íápíìsì? Ohun tó kan ẹ̀yin tó ń fi fóònù gbọ́ rédíò l'Ékìtì

Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun tó ń wọ ọjà báyìí ni kò ní ihò róbótó tí a máa ń ki íápíìsì onówáyà bọ̀ mọ́. Ẹni tó bá jẹ́ orin nìkan ló fẹ́ gbọ́ lè ní kò sí wàhálà, òun á ra èyí tí kò ní wáyà. Àmọ́ fún ẹ̀yin tó ń fi fóònù gbọ́ rédíò ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn, ọ̀rọ̀ yìí kọjá orin.

Kí ni wáyà ń ṣe fún rédíò?

Kí rédíò FM tó lè sọ̀rọ̀, ó nílò ẹ́ríà, ìyẹn irú ọ̀pá tí a máa ń fà jáde lára rédíò ilé. Fóònù kéré jù fún irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe é fi sọ wáyà íápíìsì di ẹ́ríà. Ìgbì FM kan gùn tó nǹkan bíi mítà 3, ẹ́ríà tó bá sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 75, máa ń gbà á dáadáa. Wáyà íápíìsì sábà máa ń gùn tó bẹ́ẹ̀, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí rèé tí fóònù fi máa ń ní kí ẹ ki íápíìsì bọ̀ ọ́ kó tó tan rédíò, kódà tó bá jẹ́ sípíkà lẹ fẹ́ fi gbọ́ ọ. Íápíìsì Bluetooth kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí kò ní wáyà tí fóònù lè fi ṣe ẹ́ríà.

Ilẹ̀ olókè sì ni Èkìtì. Òkè máa ń dí ìgbì FM lọ́nà. Ẹni tó wà lóko láàárín òkè, tó ń wá iléeṣẹ́ rédíò tó wà l'Ádó-Èkìtì, nílò ẹ́ríà tó dáa gan-an.

Kí ló dé tí wọ́n ń yọ ọ́?

Lọ́dún 2016 ni Apple yọ ihò náà kúrò lára iPhone 7. Samsung náà yọ ọ́ lára Galaxy Note 10 lọ́dún 2019. Wọ́n ní ihò náà ń gba àyè, àti pé omi lè gba ibẹ̀ wọlé. Òótọ́ ni pé ó ń gba àyè. Àmọ́ ti omi yẹn, Galaxy S7 tó jáde lọ́dún 2016 ní ihò, omi kò sì tètè ràn án.

Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì kò tó?

Ẹ lè gbọ́ rédíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ dátà yín ló ń jẹ. Lórí ìwọ̀n 64 kbps, wákàtí kan á jẹ bíi MB 29. Wákàtí méjì lóòjọ́ fún oṣù kan á sún mọ́ GB 1.7. FM kì í jẹ dátà rárá, kò sì kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Lẹ́yìn ìjì líle tó jà l'Ámẹ́ríkà lọ́dún 2017, Ajit Pai, alága àjọ FCC tó ń bójú tó rédíò àti fóònù níbẹ̀, rọ Apple pé kó ṣí FM lára iPhone. Apple fèsì pé iPhone 7 àti 8 kò ní ẹ̀yà FM nínú, wọn kò sì ní ẹ́ríà rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò lè tan ohun tí kò sí nínú fóònù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ìjọba Íńdíà sọ fún àwọn tó ń ṣe fóònù pé kí wọ́n jẹ́ kí FM máa ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ra fóònù

• Ẹ wo ihò náà, kí ẹ sì wo bóyá FM wà níbẹ̀. Fóònù lè ní ihò kó má ní FM.
• Ẹ mú íápíìsì dání, kí ẹ tan rédíò ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó.
• Wáyà kékeré tí wọ́n ń tà láti fi so íápíìsì mọ́ ihò ṣájà lè dá orin padà, àmọ́ ó lè má dá rédíò padà. Ẹ dán an wò kí ẹ tó rà á.
• Ọ̀pọ̀ fóònù tọ́ọ̀ṣì ní ẹ́ríà nínú, ó sì ń gbọ́ FM láìsí íápíìsì.

Ẹni tó lówó dátà lè ṣe láìsí ihò yìí. Àmọ́ fún àgbẹ̀, ọlọ́kadà àti ìyá tó ń pàtẹ lọ́jà, ihò yẹn ni ẹ́ríà wọn. Ó yẹ kó ṣì wà, pàápàá lára fóònù tí owó rẹ̀ kò wọ́n.