Bí Àwọn Júù Ṣe Ń Pa Àgọ́ fún Sukkot

Ẹni tó bá ka ìwé Léfítíkù orí 23 mọ̀ pé Ọlọ́run ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi ọjọ́ méje gbé inú àgọ́, kí ìran wọn má baà gbàgbé ibi tí àwọn baba wọn gbé nígbà tí wọ́n jáde kúrò ní Íjíbítì. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fiyè sí ni pé àwọn Júù ṣì ń ṣe é títí dòní. Wọ́n ń kan pákó, wọ́n ń gé imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n sì ń gbé tábìlì oúnjẹ jáde síta. Sukkot ni wọ́n ń pe Àjọ Àgọ́ náà, àkókò ayọ̀ wọn sì ni wọ́n kà á sí nínú àdúrà.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù Tishri nínú kàlẹ́ńdà àwọn Júù ni Yom Kippur, ọjọ́ ààwẹ̀ ńlá. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kan náà ni Sukkot. Àyè kò sí rárá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àṣà pé bí wọ́n bá ti ṣínu tán lálẹ́ Yom Kippur, wọn a bẹ̀rẹ̀ àgọ́, ì báà jẹ́ ìṣó kan péré ni wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Lọ́dún 2026, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù Kẹsàn-án, ni àjọ náà yóò wọlé.

Ògiri àgọ́ kì í fa wàhálà. Pákó, tapólì, aṣọ tó le tí afẹ́fẹ́ kò lè gbé, kódà ògiri ilé fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló dára. Kò tilẹ̀ pọn dandan kó pé mẹ́rin: odindi méjì àti díẹ̀ nínú ẹ̀kẹta ti tó lójú òfin.

Òrùlé ni iṣẹ́ wà. Ohun tó hù láti inú ilẹ̀, tí wọ́n sì ti gé kúrò níbi tó hù sí, ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi bò ó: imọ̀ ọ̀pẹ, ọparun, ẹ̀ka igi, pòròpórò àgbàdo. Páànù kò ṣe é lò, tapólì kò ṣe é lò, ẹ̀ka tó ṣì wà lára igi kò ṣe é lò. Ìbòòji gbọ́dọ̀ pọ̀ ju oòrùn lọ nínú àgọ́ náà, síbẹ̀ ó dára kí èèyàn lè rí ìràwọ̀ lálẹ́. Nǹkan mìíràn kò sì gbọ́dọ̀ bo àgọ́ náà lókè, ì báà ṣe igi tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé òkè. Ní Jerúsálẹ́mù, àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn kúrò lókè ara wọn, kí ti òkè má baà bo ti ìsàlẹ̀. Ògiri ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé dúró, òrùlé ló ń tẹ̀lé e.

Lójú tèmi, inú òrùlé yìí ni ẹwà àjọ náà wà. Àjọ ìkórè ni. Ẹni tí àká rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kún ni òfin ní kó jáde kúrò lábẹ́ òrùlé gidi, kó lọ jókòó sábẹ́ ewé tí òjò lè gbà kọjá, kó sì máa yọ̀. Wọn kò sì fi ìyà kún un: bí òjò bá rọ̀ débi tó lè ba ọbẹ̀ jẹ́, kí wọ́n wọlé.

Lẹ́yìn àgọ́, ó ku ohun mẹ́rin tí wọ́n ń rà. Àkọ́kọ́ ni lulav, imọ̀ ọ̀pẹ dàbínù tí kò tíì ṣí, bíi màrìwò tiwa. Ẹ̀ka mátílì mẹ́ta àti ẹ̀ka wílò méjì ni wọ́n ń dì mọ́ ọn. Wílò a máa tètè rọ, wọn a fi aṣọ tútù wé e sínú fìríìjì. Ẹ̀kẹrin, etrog, ló ń gba àkókò jù. Èso olóòórùn dídùn ni, ó jọ òroǹbó ńlá tí ara rẹ̀ ṣe gbágungbàgun. Igi tó so ó kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n lọ́ mọ́ igi mìíràn. Bí ṣóńṣó kékeré orí rẹ̀ bá ṣẹ́, ó lè di aláìwúlò fún àjọ náà. Abájọ tí àwọn èèyàn fi ń mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lọ sọ́jà, tí wọ́n ń yí èso kan ṣoṣo wò lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ẹlẹ́sìn Chabad, ọ̀kan lára àwọn ìjọ Júù, fẹ́ràn ti Calabria, ní gúúsù Ítálì. Àwọn Júù ń fì ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà pọ̀ sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sókè àti sílẹ̀, àfi lọ́jọ́ Sábáàtì. Ọjọ́ kìíní bọ́ sí Sábáàtì lọ́dún 2026, nítorí náà ọjọ́ Àìkú ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀.

Ìwé Diutarónómì orí 16 sọ ẹni tó yẹ kó bá wọn yọ̀: ọmọ, ìránṣẹ́, àlejò, aláìníbaba, opó. Nítorí náà, pípe èèyàn wá jẹun wà lára ìmúrasílẹ̀ náà, kì í ṣe àfikún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí Stamford Hill ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ Júù ń gbé, yóò rí àgọ́ wọ̀nyí lẹ́yìnkùlé àti lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé òkè. Bí aládùúgbò yín bá pè yín sí tirẹ̀, ẹ lọ. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó gbé oúnjẹ dání, nítorí òfin oúnjẹ wọn le, kí ẹ sì wọ kóòtù, torí ìta gbangba lẹ máa jókòó sí.