Ẹja kan, èèyàn mẹ́fà: Ìkòkò àti iyanrìn ló ń parí ìjà alẹ́

Ọ̀rọ̀ ẹja inú ọbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nílé onílé. Ẹni tó bá rò pé eré ni, kó wọ àwọn agboolé ilẹ̀ Ìbàdàn lọ lọ́wọ́ alẹ́, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, kó gba Bẹ́yẹrúnkà títí dé Oníyanrìn, kó sì jókòó nígbà tí wọ́n bá ń bu oúnjẹ. Ẹja kan ṣoṣo ni wọ́n rà, èèyàn mẹ́fà ló fẹ́ jẹ ẹ́. Orí ẹja, ti bàbá ni. Àárín tó lẹ́ran lára, ti àwọn tó dàgbà díẹ̀ ni. Ìrù ló ń kan èyí tó kéré jù, òun náà á bú sẹ́kún pé egungun lásán ni wọ́n fún òun. Ìyá tó se ọbẹ̀ ńkọ́? Ìyá á ní òun ti yó, á fi ẹ̀kọ nu ìdí ìkòkò, á lọ sùn.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n kan wúlò fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ti àwọn olówó ni. Ọgbọ́n ọ̀hún ni kí wọ́n ṣa ẹja kúrò lára egungun, kí wọ́n fi ata àti àlùbọ́sà din ín, kí wọ́n fi fúláwà tí wọ́n ti pò wé e, kí wọ́n sì yan án. Fíìṣì páì làwọn kan ń pè é, fíìṣì ròòlù làwọn mìíràn mọ̀ ọ́n sí. Orúkọ yòówù kí wọ́n pè é, bí wọ́n bá ti gé e sí mẹ́fà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé orí ló kan lágbájá, ìrù ló kan tèmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń sọ lọ́kàn yín pé níbo la ti fẹ́ rí ààrò ìgbàlódé tí wọ́n fi ń yan nǹkan, ẹ ní sùúrù. Orúkọ àdúgbò Oníyanrìn ti dá yín lóhùn, iyanrìn náà la máa débẹ̀ láìpẹ́.

ÒKÚ ÈKÓ TÓ DÉ ÌBÀDÀN

Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé Ìbàdàn ò sí létí òkun. Omi ńlá tó wà nítòsí ni ti Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n sé lọ́dún 1942 káwọn ará ìlú lè rí omi mu, àwọn apẹja sì ń dẹ àwọ̀n síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja Ẹlẹ́yẹlé nìkan ò lè bọ́ gbogbo Ìbàdàn. Èyí tó ń wọ inú ìkòkò mẹ̀kúnnù jù ni ẹja inú yìnyín, tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wọ Èkó láti òkè òkun, kí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé e gòkè wá. Àwọn èèyàn wò ó pé ẹja yìí ò wọ̀lú láàyè rí, Èkó ló ti kú wá, ni wọ́n bá sọ ọ́ lórúkọ: òkú Èkó. Titus o, kote o, ṣàwá o, òkú Èkó ni gbogbo wọn.

Nínú gbogbo wọn, Titus ló bá iṣẹ́ yìí mu jù. Ó lọ́ràá lára, egungun àárín rẹ̀ sì máa ń yọ lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n bá ti bọ̀ ọ́. Ṣàwá dùn lóòótọ́, owó rẹ̀ sì máa ń rọjú, àmọ́ egungun wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun téèyàn lè fi sínú fúláwà fọ́mọ kékeré lọ. Egungun tí ọmọ ò rí ni egungun tó ń há a lọ́fun.

Ibi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ la ojú wọn dáadáa ni ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. NEPA di PHCN lọ́dún 2005, IBEDC gba iṣẹ́ pínpín iná ní agbègbè Ìbàdàn lọ́dún 2013, orúkọ ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ò yéé pariwo “Ọ́ọ̀pù NEPA!” nígbà tí iná bá dé. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí ló ń ba ẹja jẹ́. Ẹja tó ti yọ́, tó tún dì, tó tún yọ́, ara rẹ̀ á ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ojú rẹ̀ á ti wọnú, òórùn rẹ̀ á sì ti yí. Ata rodo lè bo òórùn mọ́lẹ̀, kò lè bo inú rírun. Ẹja tí wọ́n fi ìka tẹ̀ tí ò padà bọ̀ sípò, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín.

FÚLÁWÀ Ò ṢẸ̀ṢẸ̀ DÉ

Àwọn àgbàlagbà kan á ní oúnjẹ òyìnbó ni, kí ló kan ọmọ Ìbàdàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fúláwà ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Amos Shackleford, ọmọ Jamaica tó dé Nàìjíríà lọ́dún 1913 tó sì bá ilé iṣẹ́ rélùwéè ṣiṣẹ́, òun àtìyàwó rẹ̀ ló dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ l'Ékòó ní nǹkan bí ọdún 1921, tí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Lọ́dún 1962 ni ilé iṣẹ́ UAC gbé Gala jáde, ẹran inú fúláwà yẹn náà ni, táwọn ọmọ ń sáré tẹ̀lé mọ́tò tà lójú pópó. Nígbà tó wá di 1986, wọ́n ṣí Mr Bigg's àkọ́kọ́ l'Ékòó, míìtì páì sì di oúnjẹ fáàrí tí ọkùnrin ń rà fún obìnrin tó ń wá ojú rẹ̀.

Bí fáàrí ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni ìjọba Babangida fòfin de àlìkámà tó ń ti òkè òkun wọlé lọ́dún 1987. Ọdún 1992 ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Àwọn ìyá tó gbọ́njú nígbà yẹn ò gbàgbé bí búrẹ́dì ṣe di ọ̀wọ́n. Ìdí tọ́rọ̀ fi ń rí bẹ́ẹ̀ ò fara sin: èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ ní Nàìjíríà, ilẹ̀ òkèèrè ló ti ń wá. Nígbà tí Rọ́ṣíà kógun wọ Ukraine lọ́dún 2022, tí náírà sì tún já wálẹ̀ lọ́dún 2023, inú àpò ìyàwó ilé l'Óníyanrìn ló ti kọ́kọ́ dùn ún.

Ìdí nìyẹn tó fi dáa kí wọ́n mọ̀ pé fúláwà ẹ̀gẹ́ wà. Àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn níbí lọ́dún 1967, ti ṣiṣẹ́ gan-an lórí rẹ̀, ìjọba Ọbásanjọ́ sì ní kí wọ́n máa fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sínú fúláwà búrẹ́dì. Búrẹ́dì gbọ́dọ̀ wú, ohun tó fi ń ni ẹ̀gẹ́ lára níbẹ̀ nìyẹn. Fúláwà tí wọ́n fi ń wé ẹja ò nílò wíwú, nítorí náà bí wọ́n bá fi ìdá kan ẹ̀gẹ́ pò mọ́ ìdá mẹ́rin àlìkámà, ẹnu ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n láfún kọ́ là ń wí o! Láfún ti kan, òórùn rẹ̀ ò ní jẹ́ kí ẹja sọ̀rọ̀.

Kì í sì í ṣe oúnjẹ olówó níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní Finland, oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní kalakukko, ẹja wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń kó sínú búrẹ́dì, wọ́n á dí i pa, wọ́n á yan án fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí egungun á fi rọ̀. Oúnjẹ àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ni, wọ́n á gbé e lọ sóko, wọ́n á gé e jẹ lọ́sàn-án. Yorùbá náà ńkọ́? Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, tí ẹja àti ẹyin wà nínú rẹ̀, ṣé ohun tó yàtọ̀ ni? Ewé la fi ń wé tiwa, fúláwà ni wọ́n fi ń wé tiwọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju pé a máa ń ju ewé nù, àwọn ń jẹ tiwọn mọ́ ọn.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Fún èèyàn mẹ́fà, fúláwà gíráàmù 500 ti tó, pẹ̀lú màjarín gíráàmù 250, báàkín páódà ṣíbí ìmutíì kan, iyọ̀ ìdajì ṣíbí, ẹyin kan àti omi tútù díẹ̀. Ẹja Titus ńlá kan, àlùbọ́sà kan, ata rodo méjì, kọ́rì àti táìmù díẹ̀. Ẹni tó bá lágbára lè se ànàmọ́ òyìnbó méjì kun ẹja kó lè pọ̀ sí i.

Ẹja ni kí wọ́n kọ́kọ́ bọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá ti tutù, kí wọ́n bó awọ rẹ̀, kí wọ́n yọ egungun, kí wọ́n sì fi ìka wá inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Orí rẹ̀ àti omi tí wọ́n fi bọ̀ ọ́ ò gbọdọ̀ sọnù, ọbẹ̀ ata ọjọ́ kejì nìyẹn. Kí wọ́n wá fi òróró ṣíbí kan din ata àti àlùbọ́sà, kí wọ́n da ẹja sí i, kó gbẹ dáadáa. Ẹja tó bá lómi á sọ ìdí fúláwà di ẹ̀kọ. Kó sì tutù pátápátá kí wọ́n tó wé e, torí ooru á yọ́ màjarín.

Ní ti fúláwà, orí ìka ni kí wọ́n fi ra màjarín mọ́ ọn títí tó fi máa dà bíi gààrí. Ìgbà yẹn ni wọ́n á fi ìdajì ẹyin náà àti omi tútù sí i díẹ̀díẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ pò ó bí ẹni ń pò búrẹ́dì, bó bá ti dìpọ̀, ó ti tó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á le bí ìgbá. Kó sinmi fún ogún ìṣẹ́jú. Ìgò tó mọ́ ni kí wọ́n fi yí i pẹlẹbẹ, kí wọ́n tẹ́ ẹja sí àárín, kí wọ́n pa á dé, kí wọ́n fi fọ́ọ̀kì tẹ etí rẹ̀, kí wọ́n gún ojú rẹ̀ káàkiri kí ooru lè rọ́nà jáde, kí wọ́n sì fi ẹyin tó kù pa á lára. Àwọn tó fẹ́ dá ọmọ lára yá máa ń gé e ní ìrí ẹja, wọ́n á fi etí ṣíbí tẹ ìpẹ́ sí i lára.

Iyanrìn wá dé wàyí. Iyanrìn odò tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, tí wọ́n sì sá gbẹ, ni wọ́n á dà sí ìdí ìkòkò ògbólógbòó tó nípọn, kó ga tó ìka méjì. Wọ́n á gbé agolo tí ò nílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ lé e lórí. Òkúta tó mu omi ò dáa, ó lè bẹ́ nínú iná. Wọ́n á dé ìkòkò náà, wọ́n á dáná sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n tó gbé àwo irin tí páì wà nínú rẹ̀ lé orí agolo. Iná náà ò gbọdọ̀ pọ̀ jù. Láàárín ìṣẹ́jú ogójì sí àádọ́ta, ó ti jinná. Bí wọ́n bá kó ẹ̀ṣẹ́ná èédú díẹ̀ sórí ìdérí, ojú rẹ̀ náà á pọ́n. Ohun tí iyanrìn ń ṣe níbẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí iná kọlu oúnjẹ lójijì, ó ń gba ooru sára, ó sì ń pín in káàkiri. Iṣẹ́ ààrò ìgbàlódé náà nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lo èédú, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti dáná o. Afẹ́fẹ́ burúkú tó ń jáde lára rẹ̀ ò lóòórùn, bẹ́ẹ̀ ló ń pa odidi ìdílé mọ́jú nínú yàrá tí wọ́n tì. Ẹni tó ń lo sítóòfù ò sì gbọdọ̀ da kẹrosínì sí i nígbà tó ń jó. Alẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi jẹun, kò yẹ kó di alẹ́ ọsibítù.

BÀBÁ Ń BÍNÚ

Ẹni tó ṣòroó tẹ́ lọ́rùn lórí ọ̀rọ̀ yìí ni bàbá. Ọkùnrin Ìbàdàn tó ti ibi iṣẹ́ dé, tí ọkàn rẹ̀ ti wà lára àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú, bí wọ́n bá gbé páì síwájú rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ò ju “Ìyá wọn, ṣé ìpápánu lẹ fẹ́ fi mí sùn lónìí ni?” Ìyàwó tó bá gbọ́n ò ní bá a jiyàn. Ògì gbígbóná ni yóò gbé tì í, yóò ní “Ẹ tọ́ ọ wò ná, bàbá wọn.” Ògì àti páì ẹja, oúnjẹ alẹ́ tó pé ni, kì í sì í dá oorun dúró. Ọkùnrin tó kọ̀ ọ́ yẹn náà ló máa ń béèrè nígbà tó yá pé ṣé kò kù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bàbá nìkan ló yẹ kí wọ́n wò. Kí wọ́n wo ìyá náà, ẹni tó máa ń ní òun ti yó. Ní alẹ́ ọbẹ̀, ó rọrùn fún un láti fi ẹja tirẹ̀ sílẹ̀, torí ẹnikẹ́ni ò ka iye tó wà nínú ìkòkò. Páì tí wọ́n gé sí mẹ́fà níṣojú gbogbo ilé, tí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù lórí àwo, ọmọ tó kéré jù pàápàá á mọ ẹni tó ni ín, á ní, “Mọ́mì, tiyín rèé.” Àwọn àgbà ló kúkú wí i pé àjọjẹ ò dùn bẹ́nì kan ò ní.